Àwọ̀n Ẹ̀fọn Olóògùn tí Mo Rà ní Kútọ̀ ní Àkókò Kòrónà

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2020, ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo yà sí ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Kútọ̀, l'Ábẹ́òkúta, láti ra ìbòmú, ṣùgbọ́n ìbòmú ti tán pátápátá, àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn méjì ni mo gbé délé. A lò wọ́n títí wọ́n fi gbó, mo sì fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe rí fún ẹni tó bá ń ronú àtira irú rẹ̀.

Láfẹ́nwá là ń gbé. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi á dúró káàkiri àdúgbò, ibà kì í sì í wọ́n nílé wa. Lọ́dún yẹn, ara gbígbóná, orí fífọ́ àti ara ríro tí ibà ń fà jọ ti Kòrónà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná fi ń sá fún ilé ìwòsàn, kí wọ́n má baà gbé e lọ sí ibùdó ìyàsọ́tọ̀. Màmá mi, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àgbo ni àwọn yóò mu, àwọn kò ní lọ síbi kankan. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021 fi hàn pé ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe lásán: àwọn tí ibà pa lágbàáyé ní 2020 fi nǹkan bí 69,000 ju ti 2019 lọ, ìdá méjì nínú mẹ́ta àlékún náà ló sì jẹ́ nítorí pé Kòrónà dí ìdènà, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ibà lọ́wọ́.

Àwọ̀n náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì ńlá, ojú ihò rẹ̀ wẹ́, oògùn apẹ̀fọn sì ti wà lára òwú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, débi pé ẹ̀fọn tó bá bà lé e yóò kú. Lọ́jọ́ kejì tí a kọ́ ọ, mo rí ẹ̀fọn mẹ́ta tó kú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi ìka tẹ̀ wọ́n, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn èyíkéyìí.

Ṣọ́ọ̀bù náà ni mo ní ẹ̀sùn sí. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ sá a sí ibòji fún odidi ọjọ́ kan. Bí mo ṣe tú u nínú ọ̀rá ni mo gbé e kọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì màmá, ojú sì ń ta wọ́n, imú ń yún wọn mọ́jú. "Ká nǹkan yìí kúrò lórí mi," ni wọ́n wí láàárọ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn gan-an ni mo torí wọn rà á, ní àsìkò tí bí àgbàlagbà bá sín lẹ́ẹ̀kan péré, àyà gbogbo ilé á já. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà padà sábẹ́ rẹ̀.

Ooru máa ń mú nínú rẹ̀ bí kò bá sí iná. Èyí kò ṣeé sẹ́. Omi tútù àti ọṣẹ ìwẹ̀ ni a fi ń fọ̀ ọ́, nítorí pé ọṣẹ oníyẹ̀fun tàbí búlíìṣì yóò bó oògùn ara rẹ̀, a kì í sì í sá a sójú oòrùn. Tiwa lo ọdún mẹ́ta kí ihò tó pọ̀ lára rẹ̀. Ẹ má retí pé yóò dá gbogbo ẹ̀fọn dúró o: èyí tó ń gbé ibà apọ́njú kiri, ojúmọmọ ló ń jẹni, inú dúrọ́ọ̀mù tí a kò dé àti táyà tó gbomi dúró ló sì ń yé sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀n kò rọ́pò àyẹ̀wò. Nígbà tí ara àbúrò mi gbóná ní oṣù Keje, ẹ̀jẹ̀ orí ìka kan ṣoṣo ló jẹ́ ká mọ̀ pé ibà ni, a sì tọ́jú rẹ̀ kíá.

Mo ra òmíràn ní 2023, ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Màmá fúnra wọn ló gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì lọ sá a sábẹ́ igi máńgòrò.