"Side effect" tàbí "fallout": èwo ló yẹ ká lò?
Nígbà tí ìgbésẹ̀ kan bá bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò, "side effect" ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ewu rẹ̀ kéré jù láti lò, nítorí kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: nígbà tí wọ́n ṣì ń fi oògùn chloroquine wo ibà káàkiri, ó máa ń wo ibà, ó sì máa ń yún ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. "Fallout" wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eruku olóró tí àdó átọ́míìkì ń tú sílẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1954, tí Amẹ́ríkà dán irú àdó bẹ́ẹ̀ wò ní Bikini, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, eruku náà bọ́ sórí àwọn ará erékùṣù Rongelap àti àwọn apẹja Japan tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nítorí náà, inú mi kì í dùn bí wọ́n bá pe ìnira kékeré ní "fallout". Oògùn tàbí ètò tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni "side effect" yẹ. Rògbòdìyàn tó ta bá aláìṣẹ̀ ni "fallout" bá mu.