Páàdì géèmù tí kò lè dá dúró láìsí sọ́fítíwíà: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà

Páàdì méjì lè jọ ara wọn lórí àtẹ: analog (ọ̀pá kékeré tí àtàǹpàkò ń yí) wà, trigger (bọ́tìnnì tí ìka ń fà bíi ti ìbọn) wà, bọ́tìnnì pé. Ẹ so ọ̀kan mọ́ kọ̀ǹpútà, géèmù gbà á lójú ẹsẹ̀. Ẹ so èkejì, géèmù ò rí i rárá, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí sọ́fítíwíà tí wọ́n ṣe é fún. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ béèrè ohun kan kí ẹ tó béèrè iye owó: tí sọ́fítíwíà yẹn bá kúrò níbẹ̀, kí ló kù tí páàdì yìí lè ṣe? Ìbéèrè yẹn la fi gbé páàdì márùn-ún yìí yẹ̀ wò.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀

Lórí Windows, XInput ti Microsoft, ìyẹn èdè tí páàdì fi ń bá géèmù sọ̀rọ̀, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù ń gbọ́. Ohun tí XInput mọ̀ kò pọ̀: analog méjì, trigger méjì, bọ́tìnnì ọ̀tún-òsì-òkè-ìsàlẹ̀ àti ìwọ̀nba bọ́tìnnì mìíràn, fún páàdì mẹ́rin péré lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ gyro (ohun tó ń mọ̀ bí ẹ ṣe ń yí páàdì lọ́wọ́), kò mọ trackpad (ojú pẹrẹsẹ tí ìka ń rìn lórí rẹ̀). Páàdì tó bá ní nǹkan lé ìyẹn, tàbí tí kò sọ èdè XInput, nílò ògbufọ̀ láàárín òun àti géèmù. Sọ́fítíwíà ni ògbufọ̀ náà. Tí kò bá sí nílé, àfikún tí ẹ sanwó fún di òkú, nígbà mìíràn páàdì náà lápapọ̀ sì ni.

Steam Controller ti ọdún 2015

Valve, iléeṣẹ́ tó ni Steam (sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ra géèmù, tí wọ́n sì fi ń ṣí i lórí kọ̀ǹpútà), gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, wọ́n sì dá a dúró ní 2019, nítorí náà àlòkù ni ẹ máa rí rà. Trackpad ńlá méjì ló ní, analog kan ṣoṣo, gyro, bọ́tìnnì méjì lẹ́yìn níbi tí ìka ti ń dì í mú, àti trigger tó ní ìpele méjì: ẹ fà á, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wọlé títí yóò fi dún. Bátìrì AA méjì ló ń lò.

Nínú àwọn márààrún, kò sí èyí tó fẹ̀yìn ti sọ́fítíwíà tó o. Tí Steam kò bá ṣí, eku kọ̀ǹpútà àti kíbọ́ọ̀dù ni Windows máa pè é: trackpad ọwọ́ ọ̀tún ń gbé atọ́ka káàkiri, trigger ọ̀tún ń tẹ nǹkan. Géèmù ò ní rí páàdì kankan. Ṣùgbọ́n bí Steam bá ti ṣí, Steam Input, apá Steam tó ń ṣe ògbufọ̀ páàdì, gbà á, kò sì sí páàdì tí a mọ̀ tó gba àtúntò tó o. Ẹ lè ní kí gyro má ṣiṣẹ́ àfi ìgbà tí àtàǹpàkò bá wà lórí trackpad, kí ìpele àkọ́kọ́ trigger máa fojú sun, kí ìkejì máa yìnbọn. Àkáǹtì Steam yín ló ń tọ́jú ètò náà fún géèmù kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè gba èyí tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀.

Géèmù tí ẹ kò rà lórí Steam ńkọ́? Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ ọwọ́ òsì nínú Steam, ẹ tẹ Add a Game, ẹ yan Add a Non-Steam Game, ẹ mú fáìlì géèmù náà, kí ẹ sì máa ṣí i láti inú Steam. Ibi mẹ́ta ló ti sábà máa ń kọ̀. Èkínní, géèmù tó ti Microsoft Store wá sábà máa ń kọ overlay ti Steam (ojú Steam tó ń hàn lórí géèmù), láìsí overlay náà Steam Input kò ríbi wọlé. Èkejì, tí ẹ bá mú fáìlì launcher (ètò tó kàn ń ṣí géèmù) dípò fáìlì géèmù gan-an, launcher á ṣí géèmù, á sì pa ara rẹ̀ dé, Steam á rò pé eré ti parí. Ẹ wá fáìlì .exe tó jẹ́ ti géèmù fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló máa ń da orí ènìyàn rú jù: tí géèmù bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ administrator, tí Steam kò sì ní àṣẹ bẹ́ẹ̀, Windows kì í jẹ́ kí ẹni ìsàlẹ̀ fi bọ́tìnnì ránṣẹ́ sí ẹni òkè. Ẹ ṣí Steam pẹ̀lú àṣẹ kan náà, ó tán.

Ẹni tó ń lo Linux bọ́ lọ́wọ́ èyí díẹ̀, nítorí kernel (ọkàn ètò Linux) 4.18 sókè ti mọ páàdì yìí fúnra rẹ̀.

Stadia Controller

Wi-Fi ni Google fi so páàdì yìí tààrà mọ́ sáfà Stadia, iṣẹ́ géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Google ń ṣe nígbà náà, kì í ṣe mọ́ tẹlifísàn tàbí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ti Stadia pa. Páàdì ọ̀hún ì bá di oníwáyà lásán bí kì í bá ṣe pé Google ṣe ojú-ìwé kan tó ń yí i padà sí Bluetooth. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìparí ọdún 2023 ṣe gbèdéke, wọ́n sì tún sún un síwájú.

Nítorí náà, oríṣi méjì ló wà lọ́jà, wọ́n sì jọra délẹ̀. Èyí tí wọ́n ti yí padà ń ṣiṣẹ́ láìlo wáyà mọ́ fóònù Android, kọ̀ǹpútà àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn, Wi-Fi rẹ̀ sì ti kú pátápátá. Èyí tí wọn kò yí padà, wáyà USB-C nìkan ló kù fún un. Ẹ dán an wò lójú ẹni tó ń tà á: ẹ tẹ bọ́tìnnì Stadia àti Y pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣẹ́jú ní àwọ̀ ọsàn, kí orúkọ rẹ̀ sì yọ nínú Bluetooth fóònù yín. Tí kò bá yọ, owó páàdì oníwáyà ni kí ẹ dá lé e. Ẹ má ṣe rà á nítorí pé ẹ̀ ń retí láti fúnra yín yí i padà.

Luna Controller

Amazon gba ọ̀nà Wi-Fi kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi Bluetooth àti USB sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Wi-Fi yẹn wúlò lórí Luna, iṣẹ́ géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Amazon, nìkan; níbòmíràn, páàdì lásán tó ń lo AA méjì ni. Tí ẹ kò bá lo Luna, kò sí ìdí láti dìídì wá a.

DualSense

Páàdì PS5 ti Sony ni. Lórí PS5, kò kù síbì kan. Lórí kọ̀ǹpútà, Windows rí i, ṣùgbọ́n kò sọ èdè XInput, nítorí náà Steam tàbí sọ́fítíwíà DS4Windows ni yóò ṣe ògbufọ̀ fún ọ̀pọ̀ géèmù. Trigger tó máa ń le mọ́ ìka lọ́wọ́ kò ní le bẹ́ẹ̀ àfi tí àwọn tó ṣe géèmù náà bá fi sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fẹ́ wáyà, kì í ṣe Bluetooth. Ẹ má ṣe lo Steam Input àti DS4Windows pọ̀: géèmù á rí páàdì méjì, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ tẹ ìsàlẹ̀, á fo ìlà méjì. Ẹ pa Steam Input fún géèmù yẹn nínú Properties, lábẹ́ Controller.

Páàdì Xbox

Èyí ló nílò sọ́fítíwíà kéré jù lórí Windows. Áàpù Xbox Accessories wà fún àpídéètì àti pípààrọ̀ bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n géèmù kò béèrè rẹ̀. Kò ní gyro, Steam kò sì lè fún un ní ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Àwọn àtijọ́ kò ní Bluetooth: tí ike tó yí bọ́tìnnì Xbox ká bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ojú páàdì, Bluetooth wà, tó bá jẹ́ ara ike òkè níbi tí bọ́tìnnì LB àti RB wà, kò sí.

Èwo ni ká rà?

Ẹni tó ń ra géèmù láti ibi púpọ̀, tí kò fẹ́ tò nǹkan kan, kó ra Xbox. Ẹni tó fẹ́ fi gyro fojú sun, tí géèmù rẹ̀ sì wà lórí Steam, kó mú DualSense. A fi í ṣáájú Steam Controller nítorí pé ó ṣì wà ní tuntun, ó sì ní analog méjì. Steam Controller yẹ ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú kó máa ta géèmù tí wọ́n ṣe fún eku kọ̀ǹpútà, tí títò rẹ̀ kò sì sú u.

Tí ẹ bá ń lọ ra àlòkù, ẹ mú wáyà tó ń gbé dátà lọ́wọ́. Èyí tó ń gba iná nìkan á tan iná páàdì, kọ̀ǹpútà ò sì ní rí i. Lórí Windows, ẹ tẹ Win àti R, ẹ kọ joy.cpl, ẹ ṣí páàdì náà nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́wọ́ kúrò lára analog. Àmì kékeré inú àpótí náà gbọ́dọ̀ dúró láàárín. Tó bá ń rìn fúnra rẹ̀, analog ti jẹ. Steam Controller kò ní yọ níbẹ̀ tí Steam bá wà ní pípa, ìyẹn kì í ṣe àléébù. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè dongle USB kékeré tó bá a wá, torí láìsí i, wáyà micro-USB tàbí Bluetooth tí Valve fi kún un ní 2018 nìkan ni ẹ máa lò.