Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún "oògùn kíndìnrín" Ṣáínà tó ń ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ kan

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oògùn ìbílẹ̀ Ṣáínà lórí WhatsApp àti lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó nínú bọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Wọ́n ń ta kápúsù kan tí wọ́n ń pè ní oògùn kíndìnrín, tí wọ́n kọ Liu Wei Di Huang sí lára páálí rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ lo méjì péré lálẹ́, agbára ọkùnrin á dé kílẹ̀ tó mọ́, pé ó tún ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, àtọ̀gbẹ àti làkúrègbé. Ẹ má rà á.

Ojúlówó Liu Wei Di Huang Wan ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Qian Yi, oníṣègùn àwọn ọmọdé láyé ìjọba Song ní Ṣáínà àtijọ́, ló ṣètò rẹ̀ fún ọmọ tí ìdàgbàsókè rẹ̀ ń falẹ̀. Ó mú oògùn àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Shen Qi Wan, ó yọ èròjà gbígbóná méjì kúrò nínú rẹ̀. Èròjà mẹ́fà ló kù: Shu Di Huang ìpín 8, Shan Zhu Yu àti Shan Yao ìpín 4-4, Ze Xie, Mu Dan Pi àti Fu Ling ìpín 3-3. Èwo nínú wọn ló fẹ́ ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan? Kóró dúdú kéékèèké ni, ó dùn díẹ̀, ó sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, ìgò oníkóró 200, mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ìgò kan á tán ní nǹkan bí ọjọ́ 8, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sì ni wọ́n fi ń lò ó.

Nígbà tí kápúsù méjì bá wá ṣe iṣẹ́ òru kan, oògùn òyìnbó ni wọ́n pò mọ́ ọn. Sildenafil, oògùn tó wà nínú Viagra, ló wọ́pọ̀ jù: orí á máa fọ́ni, ojú á gbóná, bí onítọ̀hún bá sì ń lo oògùn nitrate fún ọkàn, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ kó pa á. Glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ tó ń fa ṣúgà ara wálẹ̀, tún wà tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Singapore lọ́dún 2008, ayédèrú oògùn agbára ọkùnrin tó ní in nínú gbé 150 ènìyàn tí kò ní àtọ̀gbẹ dé ilé ìwòsàn láàárín oṣù márùn-ún. Mẹ́rin kú nínú wọn.

Ibi tí ẹ ti lè tètè dá oníjìbìtì mọ̀ nìyí: ojúlówó oníṣègùn Ṣáínà kì í fún gbogbo ẹlẹ́yìn ríro ní oògùn kan náà. Á wo ahọ́n yín, á sì di ọwọ́ yín mú kó gbọ́ bí iṣan ṣe ń lù. Ẹni tí ẹ̀yìn àti orúnkún ń ro, tí òòyì ń kọ́, tí etí rẹ̀ ń hó, tó ń làágùn lójú oorun, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbóná, tí ahọ́n rẹ̀ pọ́n tí kò sì ní ìdọ̀tí funfun lórí, òun ló ni Liu Wei. Èyí tí òtútù ń mú láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́ lóru, tí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ bí omi, tí ahọ́n rẹ̀ kò pọ́n dáadáa tó sì wú, Jin Gui Shen Qi Wan, ìyẹn Shen Qi àtijọ́ yẹn, ni tirẹ̀. Bí ẹ bá fún ẹni àkọ́kọ́ ní Shen Qi, ńṣe lẹ ń koná mọ́ iná: ẹnu á gbẹ, oorun á dá. Bí ẹ bá fún ẹni tí inú rẹ̀ tutù ní Liu Wei, inú á wú, á sì máa yàgbẹ́ ṣíṣàn, torí Shu Di Huang wúwo nínú. Fu Zi, ọ̀kan nínú èròjà gbígbóná méjì tó wà nínú Shen Qi, májèlé ni bí wọn ò bá sè é dáadáa. Aboyún ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo páálí. Oògùn ìbílẹ̀ tí ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí máa ń ní 国药准字, lẹ́tà Z, àti nọ́ńbà mẹ́jọ. Bó bá jẹ́ H ló wà níbẹ̀, oògùn òyìnbó ni. 国食健字 kì í ṣe ti oògùn rárá, oúnjẹ afáralókun ni. Àwọn ayédèrú máa ń da nọ́ńbà ẹlòmíràn kọ, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì NMPA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Ṣáínà, bóyá orúkọ oògùn àti ilé iṣẹ́ bára mu. Ní Nàìjíríà, ẹ tún wá nọ́ńbà NAFDAC.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti lo irú kápúsù yìí, tó ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò jọra mọ́, ẹ fún un ní omi ṣúgà bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ mú páálí àti kápúsù tó kù dání fún dókítà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dá a padà sílé kíákíá, torí glibenclamide lè tún fa ṣúgà ara wálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí púpọ̀.