Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́: ẹ wọ̀ ọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè nípa ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ wo akájà (igi tí àwọn apẹja ń rì mọ́ inú omi kí ẹja lè wá gbé ibẹ̀) lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, mo ti wọ ti ọ̀sán, mo ti wọ ti ìrọ̀lẹ́. Ti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀, bó tilẹ̀ fi 1,000 sẹ́fà wọ́n ju ti ọ̀sán lọ.

Lọ́sàn-án, ẹ ó rí igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ nínú omi, ẹ ó rí ẹpìyà wẹ́wẹ́, ọlọ́kọ̀ á sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi àwọ̀n yí i ká nígbà ìkórè. Ó dára, ó parí.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọgbọ́n ọlọ́kọ̀ wa hàn. Kí oòrùn tó wọ̀ ló ti pa ẹ́ńjìnnì, ó ní ká dákẹ́. Fún ìgbà díẹ̀ a ò rí nǹkan kan. Nígbà tó tan iná, edé tó ti wọnú ẹrẹ̀ látàárọ̀ ti jáde, ojú wọn ń kọ yẹ̀rì. Akàn ń gun igi. Òbòkún kan gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá.

Olùkọ́ ni mí, ẹ̀kọ́ ohun alààyè ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì máa ń sọ fún wọn nípa òkìtì iyùn inú Òkun Pupa, ìyẹn òkìtì líle tí àwọn ẹ̀dá omi kéékèèké tó ń jẹ́ iyùn kọ́. Níbẹ̀, tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹja ọ̀sán á wá ihò wọ̀. Àwọn kan nínú ẹja tí àwọn Faransé ń pè ní poisson-perroquet (ẹja odídẹrẹ́) á fi omi yíyọ̀ ara wọn ṣe àpò, wọ́n á sùn sínú rẹ̀. Ibẹ̀ á pa rọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn náà, ẹja pupa olójú ńláńlá á jáde, iyùn fúnra rẹ̀ á na ọwọ́ wẹ́wẹ́ rẹ̀ síta láti mú àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó ń gòkè bọ̀ lálẹ́. Akájà kì í ṣe iyùn, èèyàn ló gbìn ín, oríṣi ẹja ibẹ̀ ò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè dé Òkun Pupa á fojú ara rẹ̀ rí i pé ilé kan náà ni, onílé ọ̀sán yàtọ̀ sí ti òru.

Iná àwọn ọlọ́kọ̀ náà funfun jù, edé ń sá fún un; iná pupa ló yẹ, edé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ẹ̀fọn wà. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wà fún àgbà, kò sí ti ọmọdé. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá wọn: ọjọ́ tí wọ́n bá rà á ni n ó kó kíláàsì mi wá.