Boerboel nílé ọlọ́mọ: àyẹ̀wò ọmọ ajá tí wọ́n ń tà n'Ìbàdàn

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ajá fúnra rẹ̀ ló gba méjì yẹn. Mẹ́ta tó kù, àwọn tó ń tà á ló sọ ọ́ nù, àti irú ilé tí wọ́n ń gbé e lọ.

Ẹni tí àbúrò rẹ̀, ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ti ń sọ pé òun máa ra Boerboel nítorí àwọn olè la kọ èyí fún. Bí àyà yín bá ń já, kò já lásán. Ṣùgbọ́n ẹ má bá a jà pé ajá burú. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ló máa ń jẹ́ kó yọ́ lọ rà á, kó wá gbé e dé nínú páálí lálẹ́ Sátidé. Ẹ bá a lọ yẹ ọjà wò.

Gúúsù Áfíríkà ni Boerboel ti wá. Ajá oko ni, wọ́n sìn ín kó lè dá dúró gbèjà ilé àti ẹran ọ̀sìn láìdúró de kí ẹnìkan pàṣẹ fún un. Akọ tó dàgbà lè wọn kílò 65 sí 90. Ẹ wo ẹni tó máa di okùn rẹ̀ mú nílé yín, kẹ́ ẹ sọ iye kílò tí òun náà wọ̀n. Denmark fòfin de irú ajá 13 ní 2010, Boerboel wà nínú wọn, Caucasian onírun yẹtuyẹtu tí wọ́n tún ń tà kiri níbí náà sì wà níbẹ̀. Òfin Denmark ò kàn wá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ san owó gọbọi mọ̀ ọ́n. (Ní ti Caucasian, ẹni tó bá gbé ajá òkè olótùútù wá sínú oòrùn oṣù kejì n'Ìbàdàn, kó yáa ra fáànù àti jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn.)

Ọjọ́ orí ni irọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa bá pàdé. Ẹni tó ń tà á á ní ọ̀sẹ̀ 8 ni, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 5 ni. Ìdí rẹ̀ kò ju owó lọ: tó bá ti lè dá jẹun, ó fẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ òun kó má baà jẹ oúnjẹ òun mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa wá ru ẹrù ọ̀sẹ̀ 3 yẹn. Àárín ọ̀sẹ̀ 5 sí 8 ni àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń kọ́ ọ bí eyín rẹ̀ ṣe mú tó: ó gé ẹnìkejì rẹ̀ jẹ jù, ìyẹn ké, eré parí. Èyí tí wọ́n bá já gbà lẹ́nu ọmú kò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, apá ọmọ yín ló sì máa fi kọ́ ọ. Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò. Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 8 ti ní eyín ọmọdé 28, 14 lókè, 14 nísàlẹ̀, ó mú ṣóṣó bí abẹ́rẹ́. Bí ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu kò bá tíì yọ tán, kò tíì tó gbé. Bí ti iwájú bá sì ti ń re, tí èyí tó tóbi ń rọ́pò rẹ̀, ó ti ń lọ sí oṣù 4. Ìyẹn náà níṣòro tirẹ̀: ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí 14 ni ọmọ ajá fi ń mọ ohun tó wà láyé, tí ẹ̀rù ò fi ní máa bà á. Bó bá jẹ́ inú kéèjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ló ti lò ó, ọmọdé tó ń sáré, ọkadà àti arúgbó tó fi ọ̀pá rìn á jọ ọ̀tá lójú rẹ̀.

Irọ́ kejì wà nínú káàdì àjẹsára. Káàdì gidi ní ìlẹ̀mọ́ kékeré tí wọ́n yọ lára ìgò oògùn, tí nọ́ńbà oògùn àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà lára rẹ̀, dókítà ẹranko á sì fọwọ́ sí i, á lu òǹtẹ̀. Èyí tó jẹ́ déètì àti ìbuwọ́lù nìkan, bébà ni. Ohun kan tún wà tó máa ń tú àṣírí wọn: wọ́n á kọ ọ́ pé ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 6 ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n ń gún ìyẹn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rí ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ fún parvo àti distemper, àrùn méjì tó ń pa ọmọ ajá, tí wọ́n á máa tún ṣe ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra títí tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ 16. Lẹ́yìn ìyẹn, dìgbòlugi lọ́dọọdún.

Parvo yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n rà létí títì lo ọjọ́ 10 nílé. Á kọ́kọ́ kọ oúnjẹ, á máa bì, ìgbẹ́ á wá di ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn lọ́tọ̀. Bí ajá kan bá ti kú báyìí nínú ọgbà yín, ẹ má gbé ọmọ ajá mìíràn síbẹ̀ títí ọdún kan, torí kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú ilẹ̀ pẹ́. Orí sìmẹ́ńtì, ife bílíìsì kan sí ife omi 30 lè pa á. Orí yẹ̀pẹ̀, kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá ń fi ara gbá irin kéèjì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ sí olówó rẹ̀ gan-an, ẹ máa lọ. Bí wọ́n bá ní ìyá wà ní Èkó, ẹ máa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 6 sí ọmọ ajá. Kó ta gìrì, kò burú. Ẹ wò ó bóyá á padà wá gbóòórùn kọ́kọ́rọ́ náà. Èyí tó bá sá lọ há sí kọ̀rọ̀ tí kò jáde mọ́, òun ni wọ́n máa ń pè ní "oníwà pẹ̀lẹ́" fún oníbàárà. Ìbẹ̀rù ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìgénijẹ, ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín.

Ó wá ku ilé. Àṣà wa ni ká ti ajá mọ́ kéèjì lọ́sàn-án, ká tú u sílẹ̀ láago 10 alẹ́. Àṣà yẹn gan-an ló ń ba Boerboel jẹ́. Ajá tí kì í rí àlejò lọ́sàn-án, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé àlejò yàtọ̀ sí olè? Kéèjì náà á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń fi igi gbá irin bí wọ́n bá ń kọjá. Ó gbó, wọ́n sá lọ. Lójú tirẹ̀, òun ló lé wọn. Oṣù 6 irú eré yìí, kẹ́ ẹ wá gbàgbé géètì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan! Ẹ̀yìn ilé ni kéèjì ń gbé, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní 10 ó kéré tán, kó ní òrùlé àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí omi lè ṣàn, kó sì jìnnà sí èéfín jẹnẹrétọ̀. Ilẹ̀kùn méjì ni kí wẹ́dà ṣe sí i, kí ọ̀kan ti wà ní títì kí ẹ tó ṣí èkejì.

Wákàtí tó léwu jù kì í sì í ṣe òru. Aago 5 ààbọ̀ òwúrọ̀ ni: Bàbá ń jáde lọ kírun, iná ò sí, ọmọ ọ̀dọ̀ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn láti lọ fa omi, ẹni tó yẹ kó dá ajá padà ṣì ń sùn. Ìṣó kan ló máa yanjú èyí. Ẹ kàn án mọ́ ara ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí kọ́kọ́rọ́ kéèjì bá wà lórí rẹ̀, ajá ti wà nínú kéèjì. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn, ì báà jẹ́ onílé.

Ẹ tún kọ́ gbogbo ilé ní èdè rẹ̀. Ajá tó fẹ́ gé ènìyàn jẹ sábà máa ń sọ tẹ́lẹ̀: ara rẹ̀ á le gbagidi, á pa ẹnu dé, funfun ojú rẹ̀ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá kùn. Àṣìṣe tó burú jù ni kí wọ́n nà án torí pé ó kùn. Á dẹ́kun ìkùn lóòótọ́. Ìgénijẹ ni kò ní í dẹ́kun, kò kàn ní í kìlọ̀ mọ́ ni. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún 10 kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú rẹ̀, pàápàá nídìí oúnjẹ. Ajá tí àwọn ọmọdé mọ̀ dáadáa ló sábà máa ń gé wọn jẹ, ojú àti ọrùn ló sì máa ń bá, torí ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú.

Àwọn tó ń kọ́ ajá nígboro yìí, ìràwọ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n máa ń sọ, àpò ìdọ̀họ ni wọ́n á fi máa dán an wò kó lè fà á ya. Wọ́n kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń gbá nǹkan mú; bí wọ́n ṣe ń tú u sílẹ̀ ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó fún wọn lówó, ẹ ní kí wọ́n tú ajá mìíràn tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀, kó máa sáré lọ, kí wọ́n pè é padà láàárín eré. Bí kò bá dúró, ẹ di owó yín mú.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ẹni yín kó tó rà á, ó lè dùn ún, àmọ́ ẹ bi í: ṣé o ò ní jápa? Boerboel ń lo ọdún 9 sí 11. Ilé ò ṣọ̀wọ́n n'Ìbàdàn tí ẹni tó ra ajá ti wà ní Kánádà, tí ìyá ẹni ọdún 70 sì wà nílé pẹ̀lú ajá kílò 70 tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Kí ó dárúkọ ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹni náà sì gbà pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ ariwo lẹ ń fẹ́ lóru, ekuke tiwa méjì tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ á gbó tó bó ṣe yẹ, àpò oúnjẹ kílò 15 kò sì ní í tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bó bá ti rà á tán ńkọ́? Láàárín wákàtí 48, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti ìjọba ní Mọ́kọ́lá, kí wọ́n wo ìgbẹ́ rẹ̀ fún aràn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun. Ní ilé, kí ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa fún un ní ẹ̀wà sísè kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ lójoojúmọ́: ọmọdé lábẹ́ ojú àgbà, ẹni tó wọ híjáàbù, ẹni tó dé fìlà, máígáàdì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí sàn ju ṣéènì olówó ńlá lọ.

Bó bá sì gé ènìyàn jẹ pẹ́nrẹ́n, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Kò sí ata, kò sí epo, kò sí irun ajá tí wọ́n jó. Ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ọsibítù fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ti tẹ́tánọ́ọ̀sì, kó sì parí gbogbo rẹ̀ bí wọ́n bá ṣe dá a fún un. Ẹ má pa ajá náà, ẹ má sì tà á fún ẹlẹ́ran. Ẹ tì í mọ́ fún ọjọ́ 10 kí dókítà ẹranko máa wò ó. Bó bá kú láàárín ọjọ́ yẹn, ẹ pe dókítà kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀.