Káráfáànù ìlú olótùútù lórí ilẹ̀ Rẹ́mọ

Yìnyín Kánádà ni wọ́n ṣe káráfáànù tòkunbọ̀ yìí, ilé orí táyà tí ọkọ̀ ń fà, fún. Ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì tó ẹni méjì gbé. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìpẹ́ru tàbí Ìkẹ́nnẹ́, tí kò fẹ́ kí wọ́n jí sìmẹ́ǹtì òun gbé, lè máa sùn síbẹ̀ títí ilé yóò fi parí. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí wọ́n torí otútù fi sí i gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀ níbí.

Omi la ó kọ́kọ́ mú. Bí omi bá di yìnyín nínú páìpù, ó máa ń wú, páìpù á sì là. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa omi gbẹ kí otútù tó dé, tí wọ́n á da oògùn olómi píńkì tí kì í tètè dì rọ́pò rẹ̀. Ó lè ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dé. Ẹ ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ títí àwọ̀ àti ìfófòó rẹ̀ yóò fi tán. Lẹ́yìn náà, ẹ po blíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà, bíi mílílítà 60 sí omi lítà 60, kó sùn nínú páìpù mọ́jú, kí ẹ tó ṣàn án dànù.

Ẹ má tíì tan ẹ̀rọ amómigbóná o! Wọ́n máa ń yí fáàfù ẹ̀yìn rẹ̀ kí oògùn yẹn má baà wọ táǹkì. Bí ẹ kò bá dá a padà, táǹkì yóò ṣófo, irin inú rẹ̀ yóò sì jó kíákíá bí iná bá kàn án. Bí pọ́ńpù bá ń dédé ké lóru láìsí ẹni tó ṣí omi, ibì kan ń jò. Ẹ wo ilé asẹ́ ẹnu pọ́ńpù àti fáàfù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ike ni wọ́n, otútù tètè ń fọ́ wọn.

Iná ni owó ń bá lọ jù. 120V ni tirẹ̀, 230V ni ti NEPA. Wáyà rẹ̀ tó ń gba 30A lè fa 3,600 wáàtì, nítorí náà tíransfọ́mà 5 kVA tó ń sọ 230V di 120V ni kí ẹ rà, kì í ṣe 2 kVA tí wọ́n máa ń fi tanni. Tíransfọ́mà kò sì ní yí 50Hz ti NEPA padà sí 60Hz ti Kánádà, mọ́tò AC orí òrùlé á máa lọ́ra, á máa gbóná. Èmi ò gbà yín níyànjú láti lo AC náà. AC sípílíìtì 230V kékeré sàn jù. Gílóòbù àti pọ́ńpù kò ní wàhálà, bátìrì 12V ló ń gbé wọn.

Hítà gáàsì ńkọ́? Ọyẹ́ Rẹ́mọ kò tó ohun tí à ń tanná sí. Ẹ yọ wáyà rẹ̀, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu èéfín rẹ̀ kí agbọ́n má kọ́lé sí i.

Abẹ́ ọkọ̀ ni mo rí àléébù sí jù. Wọ́n fi ike pẹlẹbẹ àti òwú fáíbà bò ó kí ooru hítà lè yí táǹkì omi ká. Lásìkò òjò Agẹmọ, omi tó bá wọ ibẹ̀ kì í rọ́nà jáde. Òwú á mumi, ike á sọ̀ bí ikùn aboyún, eku á sì sọ ibẹ̀ di ilé. Ẹ lu ihò síbi tó rẹlẹ̀ jù, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin bò ó.

Òrùlé rẹ̀, rọ́bà ni. Ẹ má jẹ́ kí káńpẹ́ńtà fi kọ̀ltà kùn ún, epo inú rẹ̀ ń mú kí rọ́bà wú, kó sì ṣí kúrò lára pákó. Gọ́ọ̀mù òrùlé rọ́bà ni kí ẹ fi dí ojú ibi tí ọyẹ́ ti là, lóṣù kejì, kí òjò tó dé.