Kéèkì oníwàràkàṣì mẹ́ta, béékìrì kan ní Madrid, àti 6.50 yúrò mi

Wọ́n gba kéèkì lọ́wọ́ mi kí n tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, wọ́n sì ní kí n sanwó rẹ̀. Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò bá panu mọ́, kí n máa bá tèmi lọ.

Àdúgbò La Latina ni béékìrì náà wà. Ohun tó gbé èmi àti ọkọ mi débẹ̀ ni pé wọ́n ń ta oríṣi kéèkì oníwàràkàṣì ilẹ̀ Sípéènì mẹ́ta pa pọ̀: èyí tí wọ́n ń jó lórí bíi ti San Sebastián, quesada ti Cantabria, àti flaó ti Ibiza. Mo ní kí wọ́n gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá lẹ́ẹ̀kan náà kí n lè fi wọ́n wéra. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wò mí, ó wo ọkọ mi, ó ní, "Ẹ̀yin méjì yìí náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí mo ní kó lọ pọnmi wá.

Orí èyí tó jóná ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó tutù nini! Àárín rẹ̀ le gbagidi, fọ́ọ̀kì fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọlé. Ẹni tó bá mọ kéèkì yìí mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ilé ọtí La Viña ní San Sebastián, níbi tí Santiago Rivera ti gbé e jáde ní nǹkan bí 1990, kì í tẹ́ bísíkíìtì kankan sábẹ́ rẹ̀: wàràkàṣì rírọ̀, ẹyin, ṣúgà, kírímù, fúláwà díẹ̀, ó parí. Ààrò gbígbóná janjan ni wọ́n ń kì í sí títí orí á fi dúdú, wọ́n á sì yọ ọ́ nígbà tí àárín ṣì ń mì. Bó ṣe ń tutù fúnra rẹ̀ ló ń dì. Dúdú orí yẹn ni ìkorò díẹ̀ tó ń gé adùn ṣúgà kù. (Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Pọtogí sun ìlú náà ní 1813, òpópónà tí ilé ọtí náà wà lónìí, 31 de Agosto, wà lára ìwọ̀nba ibi tí iná kò jó. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n wá ń jó kéèkì sí. Ayé yìí!)

Mo pe ọmọbìnrin náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní èyí tí kò tíì wọ fíríìjì?" Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo nawọ́ sí pátákó ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ó ní, "Ojoojúmọ́ ni. Ṣé àná kì í ṣe ọjọ́ ni?" Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ìyẹn sì tún dá kún ìbínú mi. Kí n tó lanu, ó ti gbé abọ́ kúrò níwájú mi. Kò sọ pé òun fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kò sọ pé òun ò ní pààrọ̀ rẹ̀. Rìsíìtì ló gbé padà wá: kéèkì náà wà níbẹ̀, 6.50 yúrò, pẹ̀lú méjì yòókù tí a ò tíì fọwọ́ kàn.

Mo gbóhùn sókè débi pé àwọn ará tábìlì kejì dákẹ́.

Ni bàbá kan bá jáde láti ilé ìdáná, fúláwà dé ìgúnpá. Kò bá mi jà, kò sì bẹ̀ mí. Ó wo rìsíìtì, ó wo ọmọbìnrin náà, ó padà wọlé. Páànù ló gbé jáde, bébà inú rẹ̀ ga ju etí páànù lọ, ó ti rún, ó ti jó ní ṣónṣó. Ó ki ọ̀bẹ bọ omi gbígbóná, ó gé e, àárín rẹ̀ sì rọra ṣàn jáde sórí abọ́. "Ẹ ní sùúrù," ló wí, ó sì dúró tì wá, ó ká apá mọ́ àyà, títí ó fi ní ká máa jẹ. Mo jẹ ẹ́, ìbínú mi wálẹ̀. Mi ò tilẹ̀ fẹ́ kó wálẹ̀.

Síbẹ̀, òun kọ́ ló dùn jù. Quesada ni. Ó pẹlẹbẹ, ó wúwo, kò lẹ́wà rárá. Àwọn ará àfonífojì Pas ní Cantabria kì í bá wàràkàṣì inú ike ṣe: mílíìkì màlúù ni wọ́n ń fi èròjà inú ikùn ọmọ màlúù mú dì, wọ́n á wá pò ó mọ́ bọ́tà, ẹyin, ṣúgà, fúláwà, èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù àti sínámọ́nù. Ẹni tó bá ti rí àwọn obìnrin Fúlàní tó ń fi ewé bomubomu mú wàrà dì yóò mọ ohun tí mò ń wí: ó ṣeé rún lẹ́nu, kì í kàn yọ́ dànù. Fíríìjì ò sì rí i gbé ṣe.

Ní ti flaó, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ará Ibiza. Ewé míǹtì nínú wàràkàṣì, àníìsì nínú fúláwà tí wọ́n fi tẹ́ ìdí rẹ̀! Àsìkò Àjíǹde ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, ó sì ti wà lọ́wọ́ wọn tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó jó kéèkì ní San Sebastián. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọkọ mi ló jẹ ẹ́ tán, ó ní ó ń la òun nímú.

Nígbà tá a fẹ́ sanwó, bàbá ti wọlé, 6.50 náà ò sì kúrò lórí rìsíìtì. A san án. Ọkọ mi ni ọmọbìnrin náà nawọ́ ṣéńjì sí, kò wojú mi.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ẹni tó bá ń lọ, kó béèrè èyí tó ṣì wà nínú páànù, kó sì ra odidi quesada kan dání lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ohun tá a fi ṣe oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn, a ò sì bá ẹnikẹ́ni jà.